Orí Ọ̀gá Odùbánjọ Lọ́rùn Òbúkọ

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn Akínbọ̀dé Odùbánjọ, àgbàlagbà tó jowú òbúkọ. Kì í tiẹ̀ ṣe òbúkọ tó ń rìn lójú títì o. Òbúkọ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì yà sẹ́yìn páálí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín Lẹ́kì sí Ajah, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sáà ní kó jókòó tì yín kó máa gbọ́.

Odùbánjọ ni adelé olùdarí ọ́fíìsì kan tó ń mójú tó àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lágbègbè náà. Igbó Ẹfọ̀n ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ onígíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dun ọkùnrin yìí lọ́sàn-án, tó ń dùn ún lórí oúnjẹ, tó ń dùn ún nínú ṣọ́ọ̀ṣì: adelé. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti wà lórí àga yẹn, síbẹ̀ gbogbo lẹ́tà tó ń ti oríléeṣẹ́ ìjọba ní Aláùsá wá, "Adelé Olùdarí" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé yìí, kí wọ́n yọ adelé kúrò níwájú orúkọ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kan péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí Aláùsá kò fún un lóyè, ó fi oyè jẹ ara rẹ̀. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ géérégé, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìsìmáílà, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó níyàwó tó sì bímọ mẹ́rin, á gun orí bẹ́ǹṣì, á wá fi gbogbo ẹnu kígbe.

"Òkè ńlá ìmọ̀ ẹ̀kọ́!"

"Ó dé!" ni àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn.

"Ọ̀mọ̀ràn tí ìwé ń bẹ̀rù!"

"Ó dé!"

"Baba tíṣà, baba akẹ́kọ̀ọ́, baba pátákó ìkọ̀wé!"

"Ó dé, ó dé, ó dé!"

Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì sọ "ó dé" lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀gá á padà sẹ́nu géètì, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tó wọlé nígbà márùn-ún kó tó dé orí àga. Ọkùnrin kan náà ló fi wákàtí mẹ́ta bá àwọn ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀ lórí ìdí tó fi yẹ kéèyàn máa sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ẹni tó sùn níbẹ̀, ó ní kó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò sùn, ó ní kó kọ lẹ́tà ọpẹ́. Ó tún pàṣẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbẹ́ pẹ́ńsùlù láìkọjú sí àwòrán òun tó wà lára ògiri.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan wà tẹ́lẹ̀. Samson lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló sọ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìpè kò sí lójú kàlẹ́ńdà, nítorí pé oṣù Kẹsàn-án kì í ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀. "Samson," ó ní, "ta ló ń darí ọ́fíìsì yìí, èmi àbí kàlẹ́ńdà?" Kí oòrùn tó kanrí, wọ́n ti gbé Samson lọ sí iléèwé kan létí òkun ní Eleko, wọ́n ní kó máa ka àga. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan mọ́ nínú ọ́fíìsì yẹn. Bí òjò bá ń jò sórí fáìlì, wọ́n á ní omi ìbùkún ló ń kán.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ní Aláùsá. Ó ní òun gbọ́ pé tíṣà kan wà lágbègbè náà tó ń fi ìtàn apanilẹ́rìn-ín, ìtàn tó ní àwòrán, kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń kọ ewì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, òun ń bọ̀ wá wò ó. Kí ọ́fíìsì tẹ ìtàn náà jáde ní ìwé, kí òun sì gbọ́ ewì lẹ́nu àwọn ọmọ fúnra wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi kún un pé ohun tí òun bá rí lọ́jọ́ náà ni òun máa fi parí ọ̀rọ̀ adelé. Odùbánjọ ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nígbà mẹ́jọ. Ìyókù, kò kà á tán.

"Ìsìmáílà!"

"Òkè ńlá!"

"Ta ni tíṣà tó ń ṣe dáadáa láì gbàṣẹ lọ́wọ́ mi?"

"Àǹtí Ràhmát ni, sà. Iléèwé kan ní Jákàńdè Ẹ̀sítéètì, n'Ilasan. Kíláàsì kejì ló ń kọ́."

"Kí ló fi ń kọ́ wọn?"

"Àwòrán òbúkọ ni, sà."

Ọ̀gá dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé mọ́tò.

Òótọ́ ni Ìsìmáílà sọ, òbúkọ ni. Àǹtí Ràhmát ní aládùúgbò kan, Ìyá Ṣùkúrátù, tó ń sin òbúkọ kan nísàlẹ̀ ilé. Òbúkọ yìí wọ yàrá Ràhmát lọ́jọ́ kan, ó jẹ ìwé tó fi ń palẹ̀ iṣẹ́ kíláàsì mọ́, ó jẹ ẹ́ láti iṣẹ́ ọjọ́ Ajé dé ti ọjọ́ Ẹtì. Ràhmát bínú títí, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó kó páálí jọ, ó ya òbúkọ kan tó wọ tàì, tó fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gá gbogbo abúlé. Òbúkọ náà há sẹ́nu géètì nítorí pé kò fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó pàṣẹ fún òjò pé kó dúró, òjò sì pa á. Ó jẹ fìlà olórí iléèwé. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, Ràhmát fi àyè sílẹ̀ láìkọ nǹkan síbẹ̀. Yóò ka ìtàn, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ á gbọ́, bí ẹ̀rín bá sì rọlẹ̀, á bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí? Kí lẹ gbọ́? Kí ló ń rùn?" Wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn, wọ́n á sì kọ ewì tiwọn sínú àyè náà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì yẹn tó ń jẹ́ Tolúwani, ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà tó ti wọ iléèwé, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ju pé kó mi orí. Ọjọ́ tí òbúkọ jẹ fìlà ni ọmọ náà gbé pẹ́ńsùlù, tó kọ ọ́, tó sì dìde kà á sókè:

*Òbúkọ jẹ fìlà,*
*ó jẹ ẹ́ dé ìdí;*
*nísinsìnyí inú rẹ̀*
*ló ń dé fìlà kiri.*

Àǹtí Ràhmát wọ ẹ̀yìn kíláàsì lọ, ó fi gèlè nu ojú. Ìdí tó fi fẹ́ràn òbúkọ náà nìyẹn, ẹ má wá ìdí mìíràn.

Ní báyìí, Odùbánjọ wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ méjìdínlógójì dìde, wọ́n kí i dáadáa, "Ẹ káàárọ̀, sà!" Wọ́n jókòó. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ òbúkọ tó wà lára ògiri, nítorí pé ibi tó ti há sẹ́nu géètì ni Àǹtí kà dé. Ọ̀gá wúkọ́. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó tún wúkọ́, ó tún tàì rẹ̀ ṣe. Ọmọ kan tó wà níwájú sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," kò sì yí ojú kúrò lára ẹran. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ẹ̀kọ́ ewì tó dára jù lọ tó lè rí láyé ń lọ lójú rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí ni pé wọ́n ń wo òbúkọ, wọn kò wo òun.

Nínú yàrá olórí iléèwé ló ti sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ta ni òbúkọ yẹn?"

"Òbúkọ lásán ni, sà. Ti aládùúgbò mi ni."

"Ìwé ẹ̀rí wo ló ní? Ọdún mélòó ló ti fi sin ìjọba? Kí ló dé tí ọmọ méjìdínlógójì fi ń wo ẹran, tí èmi Akínbọ̀dé, òkè ńlá, wà lórí ìdúró?"

"Ẹ má bínú, sà, ìtàn ló ń—"

"Mo ti pinnu. Ẹ yọ orí ẹran yẹn kúrò, kẹ́ ẹ fi orí tèmi síbẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ òbúkọ, Ìsìmáílà, kí kọ̀m̀pútà fi Ọ̀gá Odùbánjọ rọ́pò rẹ̀. Èmi ni kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́."

Ìsìmáílà ti ka ìtàn náà. "Òkè ńlá, ìyókù ara ńkọ́?"

"Ìyókù wà bó ṣe wà, kò sí àkókò. Orí ni àwọn èèyàn ńlá ń wò lára àwòrán."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Ràhmát sọ, ó ti kúnlẹ̀, "ṣé ẹ ti ka ìtàn ọ̀hún dé ìparí?"

"Èmi kì í kàwé, tíṣà. Èmi ń fọwọ́ sí ìwé. Ní ti orúkọ tìẹ, ó wà nínú rẹ́jísítà àwọn tíṣà, kó máa sinmi níbẹ̀. Bí mo bá gbọ́ kíún lẹ́nu rẹ, Eleko lo máa jí sí. Wàá lọ bá Samson ka àga."

Ràhmát dìde, ó padà sí kíláàsì. Kì í ṣe òkun ló ń bà á lẹ́rù. Tolúwani tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn rẹ̀ ló ń rò, pé ta ni yóò máa gbọ́ ọ bí òun bá lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó sinmi, nítorí pé ìtìjú ńlá ló rí tó ń bọ̀ fún ọkùnrin àgbà náà. Ó kọ lẹ́tà sí i láti kìlọ̀ fún un. Wọ́n dá lẹ́tà náà padà láì ṣí i, wọ́n ní kò kọ àwọn oyè Ọ̀gá sókè rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó tún un kọ. Ó to oyè náà lẹ́sẹẹsẹ: òkè ńlá, ọ̀mọ̀ràn, baba pátákó, igi tó gba gbogbo igbó. Oyè nìkan gba ojú ewé kìíní tán, ìkìlọ̀ wá bọ́ sí ojú ewé kejì. Odùbánjọ ka ojú ewé kìíní, inú rẹ̀ dùn dé gongo, ó ní kí wọ́n fi férémù sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn àga òun. Ojú ewé kejì, àkàrà ni ìránṣẹ́ ọ́fíìsì fi wé.

Taofeek, ẹni tó ń ya pátákó ìpolówó ní Ajah, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àwòrán fún. Ó mú orí kìíní wá. Ọ̀gá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò kún tó. Ó mú ìkejì wá. Ọ̀gá ní ojú náà kò ní ìrònú nínú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Taofeek gbìyànjú láti gbé odindi àwòrán wá, Ọ̀gá fi ọwọ́ lé e sẹ́yìn.

"Ṣé mo bi ọ́ nípa ọrùn? Orí mi ni kó o máa gé wá fún mi."

"Ṣùgbọ́n Ọ̀gá mi, nísàlẹ̀ níbí—"

"Nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi! Ìgbà tí èmi bá wà lókè, kí ni ẹnikẹ́ni ń wá nísàlẹ̀?"

Taofeek wo Ìsìmáílà. Ìsìmáílà wo ilẹ̀. "Àbẹ́ẹ̀gì, bọ̀ọ̀dá mi," ni Ìsìmáílà sọ fún un nígbà tí wọ́n jáde, "gé orí wá bó ṣe wí. Èmi ní ọmọ mẹ́rin, mi ò fẹ́ wàhálà." Bí wọ́n ṣe tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé nìyẹn, Ọ̀gá sì fọwọ́ sí gbogbo orí tó wà níbẹ̀ láì rí ìrù kan ṣoṣo.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kan ní Ajah ni wọ́n lò, láàárọ̀, èèyàn kún un dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn olórí iléèwé wà níbẹ̀, àwọn òbí wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja tó ní ọmọ níléèwé ti Eleko wá pẹ̀lú. Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀ jókòó níwájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi awò sójú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àǹtí Ràhmát wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìsìmáílà ló yan ọmọ tí yóò ké ewì, Tolúwani ló sì yàn. Ó gbọ́ pé ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀, ó sì ń gbàdúrà kí ó má sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Odùbánjọ gun orí ìtàgé pẹ̀lú agbádá funfun. Aṣọ ńlá kan bo àwòrán iwájú ìwé tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́yìn rẹ̀, àwòrán tó ga tó ilẹ̀kùn méjì. Ó di máìkì mú.

"Ẹ̀yin èèyàn tí ẹ ní oríire láti wà láyé nígbà tí mo wà láyé! Ewì ti ń rìn kiri láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò rílé. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ìwé yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́. Mi ò sùn, mi ò jẹun, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lára mi! Ẹ wò ó!"

Ó fa okùn láì yíjú sẹ́yìn, nítorí pé ojú àwọn tó ń wò ó ló fẹ́ máa wò. Aṣọ já bọ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Orí Akínbọ̀dé Odùbánjọ ló wà lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ìrònú pọ̀ lójú, fìlà gún régé. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, òbúkọ ni. Pátákò mẹ́rin, irun dúdú, ìrù tó nà sókè bí ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Ìwé àwọn ọmọ ló ń jẹ, ojú ewé kan ṣì ń mì dirodiro lẹ́nu rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Obìnrin ẹlẹ́ja kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sọ jẹ́jẹ́ pé, "Háà, báwo ni olóyè ṣe di báyìí?"

Ọ̀gá rò pé ìbẹ̀rù ọlá òun ló mú wọn dákẹ́. Ara rẹ̀ yá sí i.

"Mo rí i pé ẹnu yà yín! Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí nínú ìwé yìí, èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò fi irọ́ kan kún un. Bẹ́ ẹ ṣe rí mi lẹ́yìn mi yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí nílé. Ẹ bi ìyàwó mi!"

Ìyàwó rẹ̀ tó wà ní ìlà kejì fi ìborùn bojú.

Wọ́n pe Tolúwani. Wọ́n ṣí ìwé síwájú rẹ̀, ojú ewé tí Ọ̀gá ti há sẹ́nu géètì, wọ́n fún un ní pẹ́ńsùlù. Ìsìmáílà pa ojú dé. Ọmọ náà wo àwòrán náà títí. Ó fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ sì já geere dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn:

*Ọ̀gá gbórí wọ géètì,*
*ìdí rẹ̀ ò wọlé;*
*orí ti dé ọ́fíìsì,*
*ìdí ṣì wà nílé.*

Ẹ̀rín bú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ti ń kígbe "ó dé" láti ọdún méjì ń fi orí lu tábìlì. Ẹlẹ́ja ń gbá ara wọn mú. Odùbánjọ na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba fún wọn ní ọ̀tún, ó tẹrí ba fún wọn ní òsì. Ṣebí ìwé apanilẹ́rìn-ín ni.

Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé máìkì fún òun.

"Ọ̀gbẹ́ni Odùbánjọ, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni, Mà. Láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn."

"Ẹ ti kà á?"

"Ìgbà mẹ́rìnlá!"

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ojú ewé kẹfà fún wa."

Ọ̀gá gba ìwé. Ó gbé awò sójú, ó na ọrùn, ó fi ohùn tó fi ń ka Bíbélì bẹ̀rẹ̀.

"Òórùn Ọ̀gá Odùbánjọ ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ lé e." Ó dúró. Ó tún un wò. Gbogbo èèyàn ń dúró dè é, kò sì tíì sígbà kan láyé rẹ̀ tó dákẹ́ lórí máìkì, nítorí náà ó ń bá a lọ. "Ọ̀gá Odùbánjọ... mi irùngbọ̀n, ó na ìrù... ó na ìrù sókè, ó sì jẹ ìwé àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Nígbà tó yó tán, ó ní, Mẹ̀ẹ́ẹ̀..."

"A ò gbọ́ ibẹ̀ dáadáa," ni Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀ wí.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀! Kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó mi, inú mi ni gbogbo rẹ̀ wà."

Ìgbà yẹn ló yíjú sẹ́yìn. Ó rí orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá ọrùn, ó dé pátákò, ó padà gòkè dé ìrù. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó dákẹ́ nígbà yẹn, bóyá wọn ì bá ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ́ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní dídákẹ́?

"Obìnrin yìí ni!" ó kígbe, ó ń nàka sí Àǹtí Ràhmát lókèèrè. "Òun ló kọ ọ́! Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun ló kọ ọ́, ọ̀kan kò tọwọ́ mi wá! Mi ò tiẹ̀ tíì ṣí ìwé náà rí láyé mi!"

Ìyáàfin Rẹ̀míláyọ̀ yí sí akọ̀wé tirẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́," ó ní. Lẹ́yìn náà ó bi Ràhmát. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Ràhmát kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mà. Ṣùgbọ́n òbúkọ ni mo kọ. Mo kọ lẹ́tà kìlọ̀ fún wọn, Mà."

"Wọ́n gbà á?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Ìsìmáílà ti bú sẹ́kún lórí ìjókòó. "Wọ́n gbà á, Mà! Ojú ewé kìíní wà nínú férémù!"

Lẹ́tà tó ti Aláùsá wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò gùn. Wọ́n yọ Odùbánjọ lórí àga, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí ní iléèwé Ilasan títí ọdún rẹ̀ yóò fi pé. Wọ́n mú Samson padà wá láti Eleko, wọ́n ní kó jókòó síbẹ̀. Adelé ni òun náà, kò sì dùn ún. Àǹtí Ràhmát kò kúrò ní kíláàsì kejì, àwọn tíṣà mìíràn ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé náà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n tẹ òmíràn tó ní orí òbúkọ gidi. Ṣùgbọ́n ìwé ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti Igbó Ẹfọ̀n dé Eleko, ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ gómìnà mọ ojú Odùbánjọ.

Ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ mọ̀. Nínú yàrá ìwé, kò sẹ́ni tó ń tò dè é. Ó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, bíi tàwọn èèyàn yòókù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá tí kò sẹ́ni tó fi oyè kankan pè é, ó sì rù, ó gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní ẹnu Jákàńdè Ẹ̀sítéètì. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ iléèwé ń bọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó rí i, ó dúró gbagidi, ojú rẹ̀ ń tàn. Kí ìyá rẹ̀ tó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lójú títì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Àgbà Òbúkọ!"

Ojú ti ìyá náà bíi kí ilẹ̀ lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ọmọdé ni."

Odùbánjọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó na ọrùn, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀.

"Tún un wí, ọmọ mi," ó ní. "Sọ ọ́ sókè."